Iṣẹ́ Ọlọ́wọ́ Mẹ́rin: Bí Òbí àti Ọmọ Tó Ti Dàgbà Ṣe Lè Jùmọ̀ Tún Ìjàpá Àtijọ́ Ṣe

Ọdún 19 ni ọkọ̀ Ìjàpá bàbá mi, ìyẹn Volkswagen Beetle, fi wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Iléṣà. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, ewé ti bo orí rẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá yà wá láti béèrè iye tí wọn yóò tà á yóò gbọ́ pé kì í ṣe títà. Ní ọdún tí bàbá mi pé ẹni ọdún 74 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, àti èmi ọmọ wọn obìnrin tí mò ń ti Ìbàdàn wálé ní Sátidé méjì lóṣù. Oṣù 14 ni ó gbà wá. Mẹ́káníìkì kan ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni òun yóò fi parí rẹ̀, mo sì gbà pé kò parọ́, ṣùgbọ́n ká ní a gbé e fún un ni, owó ni èmi ì bá máa fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, bàbá mi ì bá sì máa jókòó sílé retí ọkọ̀.

Nídìí iṣẹ́ yìí ni mo ti rí i pé iṣẹ́ ara ọkọ̀ àtijọ́ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ẹnì kan lè dá ṣe wà níbẹ̀, èyí tó yẹ kí a gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, èyí tó sì nílò ọwọ́ mẹ́rin gan-an wà níbẹ̀: kí ẹnì kan dì í mú, kí ẹnì kejì tú u. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ mẹ́rin yìí ni kí òbí àti ọmọ fi pamọ́ fún ara wọn. Ẹ lè náwó sórí ìyókù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀

Ẹ má ṣe sọ fún àgbàlagbà pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tún ọkọ̀ yín ṣe." Ọ̀pọ̀ wọn yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ ń sọ pé ọkọ̀ àwọn ti bàjẹ́, àti pé àwọn ni wọn kò tọ́jú rẹ̀. Ìbéèrè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èmi béèrè ọdún tí wọ́n rà á, wọ́n ní 1977 ni. Ìyẹn já sí pé ó wà lára àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Mo tún béèrè ẹni tó kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, àwọn fúnra wọn ti dìde lọ ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀, adìyẹ kan sì fò jáde.

Ẹ fi tó àwọn ọmọ ìyá yín létí kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọmọ tó bá dá sanwó tún ọkọ̀ bàbá ṣe lè bá ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kò rò tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yóò fi máa béèrè bóyá ogún ni ó ti ń pín kí ọjọ́ tó pé. Nílé tiwa, ìyá mi ni wọ́n pe ìpàdé náà lórí fóònù, a sì fẹnu kò pé ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti bàbá wa, pé èmi ni n óò máa ra àwọn ẹ̀yà rẹ̀, àti pé àbúrò mi ọkùnrin yóò sanwó ọ̀dà. A kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí a fi ń kọ ìnáwó. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́.

Kí ẹ sì má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ nìkan ni. Odindi oṣù kan ni a fi ń wá ìdí tí ìlẹ̀kùn apá ọ̀tún kò fi padé dáadáa, kí ìyá mi tó sọ nígbà tí wọ́n ń gún iyán pé àwọn ni àwọn fi ibẹ̀ lu ògiri nígbà tí àwọn ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, àti pé páńẹ́ẹ̀lì bítà kan ti gbá a jáde kí bàbá tó ti ilé ìwé dé. Bàbá mi kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Ẹ fojú inú wo bí ẹ̀rín ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ìgbà ẹ̀rùn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti oṣù Kẹrin ni òjò máa ń rọ̀ léraléra ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, omi kì í sì í jẹ́ kí irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ họ gbẹ. Ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn. Abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá wà, lápá ọ̀tún, ásíìdì rẹ̀ sì ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹ irin ibẹ̀. Ẹ fi sikurudíráfà gún irin náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wọlé, ó ti jẹrà, ajórin ni yóò gé e tí yóò sì fi tuntun sí i. Níbẹ̀ kan náà, lára irin gígùn tó la àárín ọkọ̀ kọjá, ni wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣásì sí. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ìwé mu lè di wàhálà lójú ọ̀nà, bó ti wù kó dán tó.

Ẹ fa epo bẹntiróòlù àtijọ́ kúrò nínú táńkì, tí ó wà níwájú. Tiwa ti di ohun tó ń rùn bí ọ̀dà tó ti bàjẹ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá, láìku ọ̀kan, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì dán. Láti ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá ti ń ṣiṣẹ́, rọ́bà náà sì wà nítòsí ibi gbígbóná àti ibi tí iná ti ń ta. Rọ́bà tó ti gbó ni ó sun ọ̀pọ̀ Ìjàpá láyé. Wọ́n máa ń kì àwa Ìjẹ̀ṣà pé a kì í rídìí ìṣáná, ilé la ti ń múná lọ sóko, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ bẹntiróòlù, kí ẹ fi iná sílẹ̀ nílé, kí ẹni tó ń mu sìgá kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ apaná tàbí korobá yanrìn kan kalẹ̀. Omi kò dára fún iná bẹntiróòlù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, kí ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnì. Tiwa kò yí rárá. Ẹ má ṣe fi agbára bá a jà, kí ẹ má sì ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́ ọkọ̀ mìíràn láti fà á. Ẹ rọ ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún rọ òmíràn, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí àwọn òṣómàáló wa ti máa ń lóṣòó ti ajẹgbèsè títí yóò fi sanwó aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lóṣòó tì í. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi ń rọ ọ́ìlì sí i láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, wọn a sì tẹ̀ mí láago: "Kò tíì mì o." Ní ọjọ́ kan wọ́n pè mí níbi iṣẹ́, wọn kò tilẹ̀ kí mi kí wọ́n tó sọ pé, "Ó ti yí."

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé kò sí ẹ̀yà rẹ̀ mọ́. Ó lé ní mílíọ̀nù 21 irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n ṣe káàkiri ayé, oṣù Keje ọdún 2003 ni wọ́n sì ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ ṣì wà ní ọjà. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ayédèrú. Ní ti bíréèkì àti rọ́bà bẹntiróòlù, ẹ má ṣe wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó gba ọwọ́ mẹ́rin: gbígbé ẹ́ńjìnì sọ̀kalẹ̀

Nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì méjì ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wúwo tó, nítorí náà jáàkì tó ní táyà kéékèèké ni kí ẹ fi gbé e, kì í ṣe ẹ̀yìn ara yín. Ẹ kọ́kọ́ tú bátìrì. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì to igi tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e ró. Ẹ tú wáyà iná, wáyà tọ́tùrù (èyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi ń fún ẹ́ńjìnì ní epo) àti àwọn wáyà hítà, kí ẹ dí ẹnu rọ́bà bẹntiróòlù.

Nọ́ọ̀tì méjì nísàlẹ̀ àti bóòtù méjì lókè, tí sípánà 17 ń tú, ni ó so ẹ́ńjìnì mọ́ jíà. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rọrùn. Ti òkè ni ó máa ń fa ọ̀rọ̀, nítorí pé wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn irin tó bo fáànù, ojú kò rí wọn, ọwọ́ ni a fi ń wá wọn kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ ibùsùn. Bí ẹnì kan bá sì ti ń yí i láti ìhà kan, orí kejì lè máa bá a yí, àfi kí ẹlòmíràn dì í mú. Èmi ni mo wà lábẹ́, bàbá mi dúró lókè. "Ṣé o ti dì í mú?" "Mo ti dì í mú, sà." "Èwo lo dì mú?" Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìrí ojú ara wa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ìdí tí wọn kò fi gba iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ wọ́n ní Èkó ní 1981, ohun tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. N kò mọ̀ bóyá wọ́n lè sọ ọ́ ká ní a kojú síra wa.

Bí ó bá ti tú, ẹ fà á sẹ́yìn ní títọ́ kó tó máa lọ sísàlẹ̀. Ẹni kan ni yóò máa darí jáàkì, ẹni kejì yóò di ẹ́ńjìnì mú kó má ṣe fì. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ gbé ara lé irin gígùn tó ti inú jíà wọ inú kílọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ó lè tẹ̀. Ẹ má sì ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn iyán. Iyán máa ń mú ojú wúwo.

Nígbà tó bá ti wà nílẹ̀, ẹ tú irin tó bo fáànù. Kò sí rédíétọ̀ lára Ìjàpá. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnì tutù, eku sì fẹ́ràn láti kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà. A kó àjákù aṣọ àti èèpo ọ̀pẹ tó kún igbá kan jáde níbẹ̀. Ká ní a kàn ṣáná sí ọkọ̀ náà lábẹ́ igi máńgòrò ni, ẹ́ńjìnì ì bá ti jóná kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Iṣẹ́ kejì: bíréèkì

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bíréèkì àtijọ́, ẹ fi omi rin eruku inú rẹ̀, kí ẹ fi àkísà nù ún. Ẹ má ṣe fẹnu fẹ́ ẹ, nítorí pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì ayé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ ohun tó yẹ, afẹ́fẹ́ yóò ti wọ inú páìpù, ẹ sì gbọ́dọ̀ lé e jáde.

Ẹnì kan yóò jókòó sí ibi ìwakọ̀, yóò tẹ bíréèkì. Ẹni tó wà nídìí táyà yóò tú ẹnu ihò kékeré tó wà lẹ́yìn bíréèkì táyà náà, tí ó ti fi rọ́bà sí lẹ́nu, tí orí kejì rọ́bà sì wà nínú ìgò tí omi bíréèkì díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ yóò jáde. Kó tó di pé ẹni tó wà lókè gbé ẹsẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dé e padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ yóò tún wọlé, iṣẹ́ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Láti ibi tó jìnnà jù sí ẹsẹ̀ awakọ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 tí orílẹ̀-èdè yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ọ̀nà, apá òsì ni sítíárì wà, nítorí náà táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kí iwájú òsì ṣìkẹyìn. Ìyá mi ni wọ́n ń wo agolo omi bíréèkì níwájú, wọn kò jẹ́ kó gbẹ, wọn kò sì jẹ́ kí omi náà kán sí ara ọ̀dà, nítorí pé ó máa ń họ ọ́.

Níbí ni ọmọ ti máa ń pàṣẹ fún òbí, ó sì yẹ kí á sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí táyà ló mọ ìgbà tí wọn yóò tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì dúró de ọ̀rọ̀ gígùn. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ má gbẹ́sẹ̀ o. Ó ti tó, ẹ gbẹ́sẹ̀." Ẹ fi "ẹ" àti "sà" sí i, kí ohùn yín má sì yí padà bí wọ́n bá ṣì í ṣe. Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kíákíá ní ìgbà mẹ́ta. Ní ìgbà kẹrin mo fi ohùn líle sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láìfọhùn, wọ́n wọlé lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì parí ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ìyá mi ló ní kí n lọ kúnlẹ̀. Nígbà tí a padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a gba ipò ara wa: èmi ń tẹ̀, àwọn wà nídìí táyà lórí àpótí kékeré, èmi náà sì gbé ẹsẹ̀ kíákíá lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ tún ohun tí wọ́n sọ ṣe, ẹ jẹ́ kí ìwé àlàyé ọkọ̀ sọ ọ́. Ẹ ṣí i, kí ẹ ní, "Bàbá, ẹ bá mi ka ibí yìí." Kò sí olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì tí yóò kọ̀ láti kàwé.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe fúnra yín

Jíjó irin abẹ́ ọkọ̀, fífín ọ̀dà, àti yíya inú sílíńdà (ihò inú ẹ́ńjìnì tí epo ti ń jó) kì í ṣe iṣẹ́ ìdánrawò. Ní ti wáyà iná, réwáyà àgbà kan ló bá wa tò ó, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Oníṣẹ́ kan gba owó ọ̀dà lọ́wọ́ wa kó tó bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì ni a kò fi rí i, nítorí náà ìdajì ni kí ẹ san, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá rí iṣẹ́. Bí ẹ bá dá ìjókòó padà, ẹ rí i pé ohun kan bo orí bátìrì, kí irin ìjókòó má baà kàn án nígbà tí ẹni tó sanra bá jókòó, nítorí pé ó lè gbiná.

Iṣẹ́ kẹta: fáàfù

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Fáàfù ni àwọn ìlẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó ti sùn mọ́jú. Ẹ ṣí ìdérí fáàfù méjèèjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ẹnì kan dúró lẹ́yìn láti máa fi sípánà yí púlì (irin róbótó tí fáńbẹ́ẹ̀tì wé mọ́), ẹnì kejì dùbúlẹ̀ pẹ̀lú abẹ ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní fíìlà géèjì. Ẹ yí púlì títí àmì ara rẹ̀ yóò fi bá ibi tí ẹ́ńjìnì ti pín sí méjì dọ́gba, tí ọwọ́ inú dísíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, yóò sì kọjú sí ilà kékeré tó wà ní etí rẹ̀. Sílíńdà 1 ló kàn, èyí tó wà lápá ọ̀tún tó sún mọ́ iwájú ọkọ̀. Àlàfo fáàfù rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 0.15, kí abẹ náà wọlé, kó sì fà díẹ̀ bí ẹ bá ń yọ ọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì 13 tó dì í, ẹ yí sikúrù, kí ẹ tún un dì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí púlì ní ìdajì àyíká, lódì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, sílíńdà 2 ló kàn, tí ó wà lẹ́yìn 1. Ìdajì àyíká mìíràn, 3, iwájú òsì. Ìdajì mìíràn, 4, ẹ̀yìn òsì.

Ojú bàbá mi kò ríran súnmọ́hìn-ín dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìka wọn mọ ohun tí ojú kò rí. Èmi ń wo nọ́ńbà ara abẹ ìwọ̀n, àwọn ń fà á wò. "Ó fún jù." Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún jù lóòótọ́.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jáde

Ẹ rọ ọ́ìlì tuntun lítà 2.5 sí i. Kò ní fílítà ọ́ìlì, àsẹ́ kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹ ó ti fọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fáńbẹ́ẹ̀tì, kó lọ sínú ní nǹkan bí mìlímítà 15. Bí iná pupa tó wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ bá tàn nígbà tí ẹ ń lọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí bẹ́ẹ̀tì náà bá já, fáànù ti dúró nìyẹn. Ẹ rí i pé ìwé ọkọ̀ pé. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ wà á, bí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á. Bàbá mi wà á dé Ẹrẹ́jà ní àárín Iléṣà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ọkadà ti pọ̀ ju ti ìgbà àwọn lọ. Èmi ni mo wà á dé ìlú Òṣú àti padà, àwọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fetí sí ẹ́ńjìnì, ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìpápánu.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ tún di nọ́ọ̀tì táyà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ tún yẹ fáàfù wò, lẹ́yìn náà ní kìlómítà 5,000 kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti sùn mọ́jú, tí bàbá mi sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú, n kì í dé ní àárọ̀ Sátidé mọ́ bí ọjọ́ fáàfù bá pé. Alẹ́ Jímọ̀ ni mo ń dé, tí mo ń sùn nínú yàrá mi àtijọ́, tí wọ́n sì ń kanlẹ̀kùn ní agogo mẹ́fà pẹ̀lú fíìlà géèjì lọ́wọ́.